Yamna Tí Ń Ṣírò Omi fún Káńsù Tizgi

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé Yamna dé ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà parí sí, awakọ̀ ní kí ó ṣì jókòó, kí òun já àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀ ná, bóyá òun á lè gbé e dé ìdajì òkè. Yamna ní rárá. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún jókòó pẹ́ díẹ̀, òun kò ní fẹ́ dìde mọ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Ayt Wanu lọ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, bí ẹni tí kò rí ẹlòmíràn rán.

Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Títẹ̀wé ni wọ́n gbà á sí ní káńsù Tizgi nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí odò gbé afárá àtijọ́ lọ, àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn náà gbé kọ̀ǹpútà kan wá, wọ́n ní kí káńsù yan ẹnì kan tí àwọn yóò kọ́ ní ìṣirò odò. Àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wo ojú ara wọn. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, aráàlú a máa fún un ní òróró ólífì. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, wọ́n a máa fún un ní àgùntàn nígbà iléyá. Kò sí ẹni tí í fún ẹni tí ń ka òjò ní nǹkan kan. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe fẹnu kò pé kí Yamna lọ. Ó lọ, ó kọ́ ọ, iṣẹ́ náà sì di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ lẹ́nu. Gbogbo òkè àti àfonífojì tí omi wọn ń ṣàn wọ odò Tizgi ni wọ́n ti yà sínú kọ̀ǹpútà: bí ilẹ̀ ṣe ga tó, bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, ibi tó jẹ́ àpáta àti ibi tó jẹ́ erùpẹ̀ tí ń mumi. Agolo òjò sì wà lórí òpó ní abúlé mélòó kan lókè. Ẹni tí agolo wà lágbàlá rẹ̀ yóò da omi inú rẹ̀ sínú ìgò onílà láàárọ̀, yóò pe Yamna lórí fóònù, Yamna yóò fi nọ́ńbà náà bọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ibi tí omi máa ga dé nísàlẹ̀, níbi tí ọjà Ọjọ́rú wà. Nítorí inú odò gbígbẹ gan-an ni wọ́n ti ń ná ọjà náà. Ibẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀, kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni, ìbaaka sì rí ibi dúró sí. Bí bàbá bàbá wọn ti ṣe nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí i bí nǹkan àjèjì.

Nísinsìnyí, alága káńsù, Sì Buazza, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì sí etí ọjà náà, ní apá ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti lè dúró. Ọ́fíìsì ẹkùn ti ní àwọn yóò gbówó sílẹ̀, kìkì pé kí káńsù mú máàpù wá, kí wọ́n fi ilà pupa hàn níbi tí omi lè dé, kí ẹni tó ṣírò rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gún èèkàn sílẹ̀ fún ìpìlẹ̀. Àwọn èèyàn ti fi orúkọ sílẹ̀, Haddu àbúrò Yamna sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà gbogbo ọdún tó ti kọjá, ilà pupa kò dé ibi èèkàn. Ìfọwọ́sí nìkan ló kù.

Nǹkan kan ni kò jẹ́ kí Yamna fọwọ́ sí i. Òpó ìwọn kan wà lábẹ́ afárá tuntun, tí wọ́n kun ní funfun àti dúdú. Lọ́dọọdún, nígbà ìrúwé, ní àkókò tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní ọjọ́ Nisan, omi a máa gun òpó náà, Ayt Wanu, abúlé tó wà lókè pátápátá, yóò sì máa sọ pé kò sí òjò kankan. Àwọn ará ọ́fíìsì ẹkùn ti sọ fún un tipẹ́ pé yìnyín orí òkè ló ń yọ́. Yamna gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí yìnyín kò bọ́ rárá. Ọ̀dá ti jẹ orí òkè dúdú láti ìgbà òtútù. Omi sì tún gun òpó náà, ní ọjọ́ Ajé tó kọjá.

Ó kúkú mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bá òun lọ wo agolo lókè, ìyẹn ló fi ń dá gun òkè lọ.

Lalla Hniya ló ń tọ́jú agolo Ayt Wanu. Opó ni, ó ti dàgbà gan-an, ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ pé ó ti darúgbó. Láti orí òrùlé ló ti rí Yamna.

"Yamna, ìwọ nìyẹn? Wo bí o ṣe ń mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Wá jókòó. Tíì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó."

"Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo agolo yẹn."

"Agolo ní ẹsẹ̀ ni? Jókòó."

Yamna jókòó. Lalla Hniya gbé búrẹ́dì àti òróró sí iwájú rẹ̀, ó bu tíì fún un láti òkè réré títí ó fi hó fóòfóò nínú ife, ó sì wo bó ṣe ń fi ọwọ́ tẹ orúnkún. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ìgò òògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi èyí pa orúnkún yẹn. Omi Nisan ni. Ti òjò ọjọ́ Àìkú."

Yamna gbé ife tíì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Òjò ọjọ́ Àìkú? Màmá, ẹ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ní kò sí nǹkan nínú agolo."

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Òjò sì rọ̀?"

"Ó rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí."

"Níbo wá ni omi inú agolo gbà?"

Lalla Hniya wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó béèrè pé kí ni wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe. "A pín in ni, kí la ò bá fi ṣe?"

"Ta ni ẹ pín in fún?"

"Gbogbo wa. Èmi, ìyàwó imáàmù, Zhur, Tuda, àwọn ará ìsàlẹ̀ kànga. Ṣé kí èmi nìkan máa mu àlùbáríkà gbogbo abúlé ni? Ìwọ náà rò ó."

"Ṣebí ẹ ní basíà nílé."

"Basíà tí a fi ń fọ ìfun àgùntàn? Basíà tó mọ àlùbọ́sà? Omi Nisan kì í fẹ́ ohun tó dọ̀tí, Yamna. Agolo yín yìí ò mọ nǹkan kan láyé ju ojú ọ̀run lọ. Orí òpó ló wà, ewúrẹ́ ò dé ibẹ̀, ọmọdé ò lè fọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí n má purọ́, nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti gbé wá sókè yìí, òun nìkan ló wúlò."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń pín in?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti gbé e wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Ohun tí o ní kí n ṣe ni pé kí n wo inú agolo láàárọ̀, kí n sì pè ọ́. Ní òru la máa ń pín in, kí oòrùn tó fojú kàn án. Bí mo bá wò ó láàárọ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀, mo sì sọ fún ọ pé kò sí nǹkan. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mo ti lọ sí Mẹ́kà, Yamna. Mi ò lè máa purọ́ fún káńsù."

Yamna kò bínú. Bí ó bá tiẹ̀ fẹ́ bínú, kò sí okun tí yóò fi bí i. Ó jókòó, ó ń wo agolo náà lórí òpó, bó ṣe ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ọdún tó ti fi nọ́ńbà bọ́ kọ̀ǹpútà, ó ti ń kọ́ ọ pé ojú ọ̀run máa ń tì pa ní ọ̀sẹ̀ Nisan. Kọ̀ǹpútà sì gbà á gbọ́, nítorí kò ní ẹlòmíràn tí yóò gbà gbọ́. Òjò tó wúwo jù lọ nínú ọdún gan-an ni àwọn obìnrin yìí ti ń bù lọ, nítorí pé òun ló ní àlùbáríkà jù.

Ó mu tíì náà tán. Ó wá ní, "Màmá, ta ni omi tirẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́?"

Lalla Hniya gun orí òrùlé, ó kígbe. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí dé, ìgò òògùn lọ́wọ́ ẹni kan, ìgò lọ́fínńdà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo wọn fi ìborùn bò ó bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Yamna gbé ìgò onílà rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé pé òun kò ní mú ẹ̀kán kan lọ, pé òun yóò dà á, òun yóò kà á, òun yóò sì dá a padà fún olówó rẹ̀.

"Ṣé àlùbáríkà ò ní lẹ̀ mọ́ ìgò káńsù?" ni ìyàwó imáàmù bi í.

"Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó tọ́ sí wọn," ni Lalla Hniya dáhùn. "Ó pẹ́ tí káńsù ti ń wá a. Ṣáà ṣe bísímílà kó o dà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó imáàmù da tirẹ̀. Ó kan Tuda, ó na ìgò òfìfo síta.

"Mo ti fi tèmi fọ irun."

"Ẹ wò ó! Irun ọ̀hún ò sì gùn," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Tìẹ ńkọ́? Ṣebí ìborùn ló ń bá ọ bo àṣírí."

Yamna ní kí Tuda fi ìka tọ́ka sí ibi tí omi náà dé nínú ìgò. Ó bu omi kànga sí i dé ibẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n. Zhur ni kò fẹ́ da tirẹ̀ rárá. Ó fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ nísàlẹ̀, tí kò tíì lóyún.

"Mi ò ní dà á láti ìgò dé ìgò. Ẹ má bínú."

"Má dà á," ni Yamna wí. "Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí mo ti wọ̀n, kí n fojú fi wọ́n wéra. Ìyẹn náà tó."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ṣe ìròpọ̀ rẹ̀. Ó tún un ṣe. Òjò yẹn pọ̀ ju ohunkóhun tí Ayt Wanu ti fi fóònù sọ fún un rí. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, ó bá Lalla Hniya ṣe àdéhùn pé láti òní lọ, ìgbàkígbà tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n pè é, kí wọ́n tó pín in, ì báà jẹ́ òru.

Ní ọ́fíìsì, ó fi òjò náà bọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó tì í. Ilà pupa rìn. Ó kọjá ọjà, ó kọjá èèkàn ṣọ́ọ̀bù gbogbo, ó lọ dúró sí ẹsẹ̀ ọ̀nà ọlọ́dà. Ó wo ibi tí èèkàn Haddu wà, ó ti wọ inú pupa pátápátá.

Sì Buazza kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn tó ń jókòó sínú eruku lọ́jọ́ ọjà ló dìbò yàn án, ó sì fẹ́ kó wọn sábẹ́ òrùlé kí ìbò mìíràn tó dé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fọwọ́ nu ojú.

"Ìgò lọ́fínńdà, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága."

"Kí n wá dé ọ́fíìsì ẹkùn, kí n ní kí wọ́n dá owó dúró, pé àwọn ìyá kan lókè fi òjò wa fọ irun."

"Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ńbà Nisan tí a ti ń fún wọn láti ọjọ́ yìí wá, kò sí èyí tó ṣe é gbára lé níbẹ̀. Ìyẹn lèmi máa sọ."

"Ẹ fọwọ́ sí ti àtijọ́ fún mi. Ká kọ́ ọ ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un ṣírò títí ó fi wù yín."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, Alága."

Alága ti máàpù sí iwájú rẹ̀. "Mo fún yín títí di Ọjọ́rú kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, màá wá ẹlòmíràn tó ní ọwọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Haddu wá. Yamna ti se ọbẹ̀ ọkà báálì, ó ti bu tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé yóò wá. Tíì àti àkàrà yíyí ni Haddu ń tà lọ́jà, lábẹ́ àgọ́ tí ó ń gbé lórí ara rẹ̀ wá ní gbogbo Ọjọ́rú, tí ó sì ń gbé padà lọ sílé.

"Àǹtí, ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn, tó ní kọ́kọ́rọ́, ohun tí mo ń fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n ti ilẹ̀kùn kí n sì máa lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí wọ́n ní ní káńsù ń bá wọn ṣe é. Tèmi wà ní káńsù, ó fi ìgò lọ́fínńdà lé mi síta."

"Omi máa gbé e, Haddu."

"Ìgbà wo? Lọ́la? Kí ẹ sọ ọjọ́ kí n mọ̀."

Yamna ti àwo ọbẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í sọ ọjọ́. "Jẹun ná," ló wí.

"Ẹ fún Sì Buazza jẹ," ni Haddu wí, ó sì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn kò kí i mọ́.

Ní Ọjọ́rú kejì, ọjọ́ tí alága dá, oòrùn mú kankan ní Tizgi, ọjà sì kún. Yamna wà ní ọ́fíìsì pẹ̀lú máàpù tí kò fọwọ́ sí lórí tábìlì nígbà tí fóònù dún.

"Yamna, agolo ń kún o." Òjò ń pariwo lẹ́yìn ohùn Lalla Hniya débi pé ó ń kígbe. "Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e padà, ó tún ti ń kún. Gbọ́ nọ́ńbà."

Ó gbọ́ ọ, ó fi bọ́ kọ̀ǹpútà. Ilà pupa tún rìn, ó tún dé ẹsẹ̀ ọ̀nà. Kí wọ́n tó kírun àsárì, omi yóò ti dé ọjà. Alága kò sí nítòsí. Yamna ní kí ẹ̀ṣọ́ wa ọkọ̀ káńsù tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí lọ sí etí ọjà, ó sì sọ̀rọ̀ síta. Ó ní kí gbogbo èèyàn kó ẹrù wọn, kí wọ́n gun òkè lọ.

Wọ́n wo ojú ọ̀run. Kò sí kùrukùru kankan.

"Yamna, níbo lomi ọ̀hún wà?" ni alápatà kan kígbe. "Ṣé ó ń ṣàlùwàlá lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ ní kó dúró kí n ta ọsàn mi tán!"

"Ẹ wo inú ìgò lọ́fínńdà yín dáadáa, Màmá! Bóyá lọ́fínńdà ni!"

Ó tún un sọ. Ó ń wá ojú kan láàárín wọn, ó sì rí i. Haddu ti gbé kẹ́tùrù kúrò lórí iná. Ó da omi gbígbóná sórí èédú, ó fa okùn àgọ́ àkọ́kọ́ tú. Kò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, ó wo àgọ́ tó ń wó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kó ẹrù.

Wọ́n dúró pẹ́ létí ọ̀nà, nínú oòrùn, pẹ̀lú ìbaaka àti àpò. Alága ti gbọ́, ó ti dé, ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n padà. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ, bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta láti inú ọkọ̀, omi sì yọ níbi tí odò ti yà, ó dúdú, ó gbé igi àti koríko síwájú. Ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ ọjà. Ó gbé àpótí ọsàn tí ẹnì kan fi sílẹ̀, ó gbé àga ìjókòó kan. Ó ga dé ojúgun. Ó súnmọ́ èèkàn ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró níbẹ̀, kò kàn wọ́n.

"Ẹ wò ó!" ni Sì Buazza wí. "Gbogbo yín ẹ wò ó. Kò dé ibi èèkàn."

Gbogbo ojú yí sí Yamna.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Kò dé ibẹ̀. Mo ní yóò dé ibẹ̀, mo sì ṣì í."

"Ẹ ó wá fọwọ́ sí i?"

"Rárá, Alága."

"Kí ló tún kù?"

"Ó kù pé òjò tó mọ níwọ̀n ló gbé omi yìí wá. Èyí tí wọ́n fi ìgò wọ̀n fún mi lókè jù ú lọ, ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ tó sì ń mumi ló rọ̀. Bó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tútù bíi tòní, mi ò mọ ibi tí yóò dúró. Mi ò ní nọ́ńbà tí mo lè fi mọ̀ ọ́n. Mi ò sì lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò mọ̀."

Àwọn èèyàn kùn. Alága mí kanlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ṣáájú rẹ̀.

"Alága, ẹ yọ orúkọ mi."

Haddu ni. Orí ẹrù rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn.

"Ìwọ? Ìwọ tí ò ń dà mí láàmú nítorí ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà òtútù?"

"Mo ṣì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé lónìí ni mo rí kó yọ. Ṣọ́ọ̀bù yín, ta ló máa bá mi gbé e?"

Ẹni tó ń ta ẹní ní kí wọ́n yọ tòun náà. Alápatà tó ti fi àlùwàlá ṣe yẹ̀yẹ́ wo omi pẹ́, ó ní òun yóò lọ rò ó, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ó ti yọ tirẹ̀ nìyẹn. Sì Buazza wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀.

"Níbo ni kí n wá kọ́ ọ sí?" ló bi Yamna, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Nisan ọdún tó ń bọ̀ kọjá ná, kí n fi òjò tó pé ṣírò."

"Ọdún kan!"

"Ó kéré tán."

Alága wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìsọ ohun mìíràn. Àwọn èèyàn ń túká díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ọjà mọ́ fún ọjọ́ náà, ẹ̀dùn owó tí wọ́n pàdánù sì wà lójú kálukú. Ẹnì kan kọjá lára Yamna, kò kí i. Ó jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà. Ó rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun.

Haddu dìde, ó sì na àgọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún un ká dáadáa.

"Ọdún kan gbáko, Àǹtí?"

"Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Haddu di etí àgọ́ kan mú. "Ẹ bá mi di etí kejì yẹn mú," ló wí, Yamna sì dìde, ó dì í mú.